Òórùn Inú Gáùn Oko

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa ní Odigbo yóò sọ fún yín pé bí mo bá ní òjò ń rọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́ síta kí ẹ tó wá agbòjò. N kò bá wọn jiyàn. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí bàbá mi tó fà mí lọ sí oko kòkó, ẹni tí kò bá sì kàwé púpọ̀ gbọ́dọ̀ ní nǹkan mìíràn tí yóò máa kó sẹ́nu. Irọ́ ni mo kó sí tèmi. Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń kọ yìí, mo ti pinnu pé n kò ní fi irọ́ sí i, àfi ibi tí ọwọ́ bá ti yọ̀.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ṣe jẹun, ní oríta Ore, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin àti àwọn tó ń lọ sí Èkó ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun. Àwọn télọ̀ tó kù ń rán aṣọ tuntun fún ọkọ ìyàwó àti ọlọ́jọ́ ìbí. Èmi, àbùlẹ̀ ni mo mọ̀ jù, àwọn awakọ̀ sì ni oníbàárà mi, nítorí kò sí ohun tí í jẹ ìdí ṣòkòtò bí àga ọkọ̀ akẹ́rù. Mo lẹ ìdí ṣòkòtò awakọ̀ kan rí nígbà tó ṣì jókòó lé e lórí, tó ń wa ọkọ̀ lọ, láti Ore títí dé Ofosu, kò sì mọ̀ títí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin ará Agbabu kan tún wá ní kí n rán ẹ̀wù òjò fún òun. Ọ̀dà dúdú tó máa ń ru jáde nínú ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún ni mo fi kùn ún. Òjò kò ráyè wọ inú ẹ̀wù náà láéláé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsinmi kan tí oòrùn mú, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n sì ní kí a dìde kọrin, bẹ́ǹṣì náà bá a dìde, pẹ̀lú àwọn màmá mẹ́ta tó wà lórí rẹ̀. Láti kékeré mi ni mo ti ń gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wa ọ̀dà Agbabu yẹn. Kò tíì sí ẹni tó rí i lò tó mi.

Ìyàwó mi kì í rẹ́rìn-ín sí irú ìtàn báyìí. Yóò kàn dẹ́kun ohun tó ń ṣe, yóò wò mí títí ma fi dákẹ́, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ bú mi, Ìkálẹ̀ ló fi ń bú mi, torí ó gbà pé Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ kò le tó fún irú èmi. Ọmọ Odigbo ni. Oko kòkó àti ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wà lọ́nà Araromi-Obu, ibẹ̀ náà ló ti máa ń yan gàrí. Gáùn kan ṣoṣo ló máa ń wọ̀ lọ síbẹ̀, gáùn gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tí mo rán fún un ní ọdún tí a fẹ́ra. Ẹ̀ka igi kòkó kọ́kọ́ fa èjìká rẹ̀ ya. Mo lẹ̀ ẹ́. Nítorí pé ọkọ tuntun ni mí, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo oko mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi, aṣọ pupa fòò ni mo fi lẹ̀ ẹ́.

Ó gbé e sókè, ó wò ó. "Ṣé o fẹ́ kí àwọn ẹyẹ máa kí mi ni?"

Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti ya, mo lẹ̀ ẹ́. Bí àbùlẹ̀ bá sì ya, mo lẹ àbùlẹ̀ lé àbùlẹ̀. Mo ní kí n rán òmíràn fún un, ó kọ̀. Ó ní gáùn náà ti mọ oko ju òun lọ. Àwọn àgbà ní àbùlẹ̀ ní í mú aṣọ tọ́. Èyí tọ́ ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Ó di ọdún kẹrin báyìí tí ìyàwó mi ti lọ.

Nígbà tí wọ́n pín ẹrù rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ wa obìnrin kó léèsì, wọ́n kó àǹkárá, wọ́n kó gèlè, bó ṣe yẹ kí wọ́n kó o. Gáùn oko ni wọ́n jù sẹ́yìn ilẹ̀kùn pé a ó máa fi nu ilẹ̀. Mo dúró kí wọ́n lọ tán. Mo mú un, mo dì í sínú ọ̀rá, mo fi sínú àpótí páànù mi lábẹ́ ibùsùn. Kò sí ẹni tó fọ̀ ọ́ láti ìgbà tó ti bọ́ ọ kẹ́yìn. Gbogbo ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀: èéfín ìdí gàrí, omi kòkó tó ti kan, epo tó tà sí i ní àyà, òógùn abẹ́ apá rẹ̀, àti nǹkan kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, tí mo máa ń gbọ́ lọ́rùn rẹ̀ bó bá tẹ̀ kọjá níwájú mi. Ní ọjọ́ ìsinmi, bí a bá ti ìsìn dé, ma ti ilẹ̀kùn, ma ṣí àpótí, ma tú ọ̀rá náà díẹ̀, ma ti imú bọ̀ ọ́. Bí ẹni ń fín aṣáà ni mo ṣe ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan sí ihò imú ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan sí tòsì, ma tún yára dì í, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá fà á jù, ó lè tán.

Bó ṣe wà nìyẹn títí àgùnbánirọ̀ kan fi dé sí ìlú wa.

Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ bàtà kańfáàsì, ojú rẹ̀ kò sì gba ìyànjẹ. Ó tọrọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí ilé mi, ó sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ síbẹ̀ ní àràárọ̀ Sátidé láti kọ́ wọn ní ohun tó pè ní oge tí kò ba ilẹ̀ jẹ́. Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n lọ wo ẹ̀yìn ọjà ní Ore, níbi tí àwọn olókìríkà ti ń da aṣọ tí kò tà nù, tí wọ́n ń dáná sun ún, tí èéfín rẹ̀ ń wọ inú ọbẹ̀ àwọn olóúnjẹ. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣọ yẹn ni kò tíì kú. Bọ́tìnnì ló já lára òmíràn. Òmíràn, kọ́là rẹ̀ ló ṣá. Ó ní kí oníkálukú máa mú aṣọ kan tó fẹ́ jù nù wá láti ilé.

Mo lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà kí n lè rí ohun tí ma fi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò pẹ́ rí i. Ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan jókòó síwájú, ó ń rán àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ó na abẹ́rẹ́ jáde gbọọrọ bí ẹni ju ìwọ̀ sódò.

Mo ní, "Ẹja wo lò ń pa?"

Ó wòkè. "Bàbá, tí ẹ bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ wọlé."

"Èmi? Mo ti ń mú abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá ẹni tó ṣe ọ̀kadà rẹ."

Àgùnbánirọ̀ náà fa àga kan wá sí àárín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, sà. Ẹ fi hàn wá."

Ohun tí mo wá fi rẹ́rìn-ín di iṣẹ́ nìyẹn. Láti Sátidé náà ni mo ti di olùkọ́, èmi tí ìwé kẹrin lé jáde. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń tú kọ́là tó ti ṣá, tí a ó dojú rẹ̀ délẹ̀, tí a ó tún un rán kí inú rẹ̀ tó ṣì mọ́ lè bọ́ sí ìta. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń ka etí àbùlẹ̀ sínú kó má baà máa tú, àti bí a ṣe ń wo ìlà òwú inú aṣọ kí àbùlẹ̀ lè fara mọ́ ọn. Nígbà tí a dé orí àbùlẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ọlọ́kadà wa ní, "Bàbá, mi ò lè wọ aṣọ alábùlẹ̀ jáde. Wọ́n á ní ìṣẹ́ ń ṣẹ́ mi."

"Ṣòkòtò wo lo wọ̀ yẹn?"

"Jíìnsì ni."

"Ibo ló ti ya ní orúnkún?"

"Bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí mo rà á."

"Ọjà ni ìwọ ti ra yíya tìrẹ. Èmi, iṣẹ́ ló fa tèmi ya. Wá sọ ẹni tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ nínú àwa méjèèjì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gun orí mi. Mo ní mo ti lẹ gáùn obìnrin kan rí, àbùlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló wà lára gáùn kan ṣoṣo, kò sì sí ọjọ́ kan tó já obìnrin náà kulẹ̀ lóko.

Ọlọ́kadà gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mẹ́tàdínlógún. Ẹ gbọ́ o. Bẹ́ǹṣì Agbabu ti tún dìde."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ìtàn bẹ́ǹṣì náà fún wọn ní Sátidé tó ṣáájú. Àgùnbánirọ̀ gan-an fi ìwé bo ẹnu. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì lẹ́bàá ọjà. Bàbá rẹ̀, tó ti apá Benue wá sí ilẹ̀ wa, ló ń dá oko ìyàwó mi láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kì í sábà sọ̀rọ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ó dùn mí. Mo ti ń purọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ, tí àwọn ènìyàn sì ń fi mí ṣẹ̀rín, kò dùn mí rí. Ti ọjọ́ yẹn dùn mí nítorí pé òtítọ́ ni, àti nítorí pé ìyàwó mi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín láì mọ̀.

Ni mo bá ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe. Ní Sátidé kejì, mo gbé gáùn náà jáde nínú àpótí, mo gbé e lọ. Mo ti sọ fún ara mi pé ọwọ́ mi nìkan ni yóò wà, pé ma ká a padà kíá. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Wọ́n yí i ká. Ọlọ́kadà fi ìka kà á, ó dé mẹ́tàdínlógún, ó tún un kà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó sì tún jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn yọ fìlà lórí.

Mo wá ń ka àbùlẹ̀ náà fún wọn bí ẹni ń ka ìwé. Mo ní èyí ti ara ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé àkọ́bí wa wá, ìyẹn ti ara àpò fúláwà, èyí jẹ́ kọ́tìnnì tí iná àtùpà jó ní ìdajì. Òwú dúdú ni mo fi rán eléyìí nítorí òwú funfun ti tán, òjò sì ń rọ̀, ó sì ní òun gbọ́dọ̀ dé oko. Ibí yìí ni ẹni tó ni ín ti rán tirẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí a ń bínú síra wa, ẹ wò ó bó ṣe wọ́. N kò sọ fún wọn pé ìyàwó mi ni. "Obìnrin kan" ni mo ń sọ títí. Mo rò pé wọ́n mọ̀.

Nígbà tí a parí, ọmọbìnrin tó ń kọ́ irun dídì yẹn wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ. Ọ̀sẹ̀ kan péré. Mo fẹ́ wo bí ẹ ṣe ka etí rẹ̀, mo fẹ́ fi ti màmá mi dánra wò."

Gbogbo wọn ń wò mí. Ẹ má gbàgbé pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí gbọ́ ni. Ọkùnrin tí wọn kò gbà gbọ́ rí, tí wọ́n wá gbà gbọ́ lójijì, bí ẹni tó mu ẹmu láì jẹun ló ń rí. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Mú un lọ, ọmọ mi."

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Ní ọjọ́ ìsinmi, mo ṣí àpótí bí àṣà mi kí n tó rántí. Ọ̀rá ṣófo. Mo ti imú bọ̀ ọ́ náà; ọ̀rá ni mo gbọ́ lóòórùn. Lọ́jọ́bọ̀ mo kọjá ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ṣẹ́, bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ní ìsọ̀ kejì.

"Gáùn mi ńkọ́?"

Ó ń di irun lọ́wọ́, ó yí ojú sí mi, eyín rẹ̀ funfun. "Ó wà dáadáa, Bàbá. Tí ẹ bá rí i, inú yín á dùn."

Kí ni inú mi yóò tún dùn sí lára gáùn tí mo mọ̀ tán? Mo bá tèmi lọ.

Ní Sátidé, ó dé lẹ́yìn gbogbo wọn. Inú ọ̀rá tuntun ló fi gáùn náà sí, ó ká a ní ìká mẹ́rin, etí kan etí, ó ti fi sítáàṣì sí i, ó ti lọ̀ ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

"Ẹ ṣeun, sà. Mo bá yín fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo gbé e dé oko, màmá mi ní ọmọ burúkú ló ń yá nǹkan àgbà tó ń dá a padà ní ìdọ̀tí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la fi ọṣẹ lúbúlúbú fọ̀ ọ́. Epo àyà yẹn le, Bàbá, àmọ́ a rí i yọ."

Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Ẹ̀kọ́ ilé ni. Bí ọmọ tèmi náà bá yá abọ́ aládùúgbò, tó dá a padà láì fọ̀ ọ́, igbe ni ma fi lé e padà sídìí omi. Ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ tèmi ni ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Mo gba gáùn náà. Ó gan pa bí páálí, ó sì ń dán. Mo rí àwọn òdòdó kéékèèké kan láàrin àwọn àbùlẹ̀, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tí n kò rí fún ogún ọdún. Mo ti gbàgbé pé òdòdó wà lára rẹ̀.

Mo rí i pé àgùnbánirọ̀ ń wo ojú mi, ẹ̀rín ti kúrò ní tirẹ̀. Mo yára.

"Ọmọ mi," mo ní, "ìdọ̀tí tí o fọ̀ yẹn, ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi í joyè. Ní oṣù tó ń bọ̀ ni wọn ì bá wé lawani fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọlọ́kadà gbá tábìlì. Ọmọbìnrin náà bo ojú, inú rẹ̀ dùn, ó lọ jókòó. Mo kọ́ wọn ní ojú bọ́tìnnì lọ́jọ́ náà. Àwọn ojú bọ́tìnnì tí mo là, kò sí méjì tó dọ́gba.

Nígbà tí mo délé ni mo tó ti imú bọ̀ ọ́. Ó ń ta sánsán bí ọmọ tuntun jòjòló. Mo wá a lábẹ́ apá, mo wá a lọ́rùn, mo tú etí àbùlẹ̀ kan kí n wo abẹ́ rẹ̀. Ọṣẹ ni.

Ní ọjọ́ kejì ìsinmi, mo gun ọ̀kadà lọ sí oko lọ́nà Araromi-Obu. Àgọ́ gàrí ìyàwó mi ṣì wà níbẹ̀, ìyá ọmọbìnrin yẹn ló ń lò ó. Mo bá a tó ń ro gàrí nínú páànù ńlá, òógùn bo ojú rẹ̀. Mo kí i, mo ní ẹ jẹ́ kí n so nǹkan kan mọ́ àjà. Mo so gáùn náà sórí ibi tí èéfín ti ń gòkè.

Ó wò ó, ó wò mí. "Bàbá, ṣé kò mọ́ dáadáa ni?"

"Ó mọ́. Kòkòrò ni mo fẹ́ fi èéfín lé."

"Kòkòrò wo ló lè kù lára rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ tí a lò?"

"Irú ti Ore ni. Wọ́n máa ń wẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó padà sídìí gàrí rẹ̀. Mo jókòó sórí kùkùté, mo ń wo gáùn náà nínú èéfín títí ojú fi ń ta mí. Ní ọ̀sán, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀. Èéfín ni, kì í ṣe ti ilé wa. Mo tún un so. Ní ọjọ́ kejì, mo padà wá. Bákan náà ló rí. Nígbà tí mo tún dé ní ọjọ́ kẹta, obìnrin náà ti gbé páànù sọ̀ kalẹ̀, ó ń dúró dè mí.

"Bàbá, igi wo lẹ rò pé Màmá máa ń fi dáná?"

Gàrí ìyàwó mi ni mo jẹ ní gbogbo ayé mi. Mo mọ iye àbùlẹ̀ tó wà ní ẹ̀yìn gáùn rẹ̀, mo mọ òwú tí mo fi rán ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igi tó ń fi dáná, n kò bi í rí. Mo ní bóyá igi kòkó.

"Igi ọsàn ni," ni ó wí. "Ọsàn gbígbẹ. Ó ní ó ń jẹ́ kí gàrí ta sánsán. Òun ló kọ́ mi níbí yìí nígbà tí mo dé, tí mi ò gbọ́ èdè yín. Igi rọ́bà lèmi fi ń dáná, torí kò sí ọsàn mọ́ lóko." Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Tí ó bá jẹ́ pé mo mọ̀ pé òórùn Màmá lẹ ń tọ́jú ni, Bàbá, mi ò ní ní kó fọ̀ ọ́."

"O kọ́ ọmọ rẹ dáadáa," mo ní. "Má sọ fún un."

"Mi ò ní sọ fún un."

A jọ wọ inú oko. Ọsàn kan ti wó lẹ́bàá odò, ó ti gbẹ. Ó fi àdá gé e, mo rù díẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí iná rẹ̀ ràn, kí èéfín tó dé orí àjà, mo ti mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi nìyẹn tó ń bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́, agbọ̀n lórí, tí yóò ní kí n yé jókòó bí àlejò. Mo sáré sọ gáùn náà kalẹ̀, mo fi bo ojú. Ó kù díẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ó kù díẹ̀ péré. Òórùn ara rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Mo bẹ obìnrin náà pé kó bá mi wọ̀ ọ́, kó fi yan gàrí ọjọ́ kan péré, kó làágùn sí i.

Ó fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Aṣọ Màmá? Rárá o, Bàbá. Ẹ má bínú."

Ni mo bá wọ̀ ọ́ fúnra mi.

Ìyàwó mi sanra jù mí lọ ní ìlọ́po méjì, gáùn náà sì gbà mí, ó ṣẹ́ kù. Mo fi okùn di ìbàdí, mo gba àfọ́kù igbá lọ́wọ́ obìnrin náà, mo jókòó sídìí páànù, mo ń ro gàrí. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ náà le tó bẹ́ẹ̀. Ooru náà ń ti iwájú jó ni, apá ń ro ni, bí èèyàn bá sì sinmi díẹ̀, gàrí á lẹ̀. Ìyàwó mi fi ọdún púpọ̀ ṣe é, èmi sì wà ní Ore lábẹ́ fáànù mò ń tan awakọ̀. Òógùn ń bọ́ láti orí mi dé ẹsẹ̀. Bí mo ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọ̀kadà kan dúró lójú ọ̀nà, tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ méjì sẹ́yìn. Ọlọ́kadà wa ni, ti gbọ̀ngàn.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Bàbá. Kí lẹ wọ̀ yẹn?"

"Òfin tuntun ni. Télọ̀ tó bá rán aṣọ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbà pé ó le."

"Ẹ kú iṣẹ́ òfin, sà," ni ó wí. Ó wo gáùn náà fún ìgbà pípẹ́, ó wo iná. Kò rẹ́rìn-ín bí mo ṣe rò. Ó rọra ṣáná sí ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí oòrùn ń yí, mo bọ́ ọ. Ó tutù rinrin. Mo lọ sẹ́yìn àgọ́ kí obìnrin náà má baà wò mí, mo ti imú bọ ọrùn rẹ̀. Èéfín ọsàn wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun gàrí wà níbẹ̀. Lábẹ́ wọn, ẹnì kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi ni. Aṣáà, òróró maṣíìnì, àti òógùn bàbá arúgbó. Bóyá èyí ni ìyàwó mi náà fi gbogbo ọdún yẹn gbọ́, lórí ìrọ̀rí kan náà, tí kò fi sọ nǹkan kan.

Ìyá ọmọ náà pè mí láti iwájú. Ó bi mí bóyá mo rí ohun tí mò ń wá. Mo ní rárá. Ó ní kí n wá jókòó kí òun bu gàrí náà fún mi, pé ó jó díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo yan án, èmi náà ni kí n jẹ ẹ́.